Ta ló yẹ kó jókòó ti ta? Ìdáhùn fún olórí àwọn ẹnjiníà tó ń kó lọ sí ọ́fíìsì tuntun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni olórí ẹ̀ka ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tó ń ṣe àpótí tó ń ṣọ́ bátìrì sólà. Àwa 42 ni: àwọn 7 ń ya board (pátákó tí wọ́n ń to ẹ̀yà iná sí), àwọn 8 ń kọ kóòdù inú àpótí, àwọn 12 ń ṣe server (kọ̀ǹpútà tí àwọn àpótí ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí) àti app, àwọn 6 ń dán ẹ̀rọ wò, àwọn 9 sì ń lọ fi í sílé oníbàárà, àwọn náà ló ń tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Oríṣi àpótí méjì là ń ṣe: kékeré fún ilé gbígbé, ńlá fún ilé ìwòsàn àti òpó fóònù. Olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń darí àwọn èèyàn rẹ̀. A fẹ́ kó lọ sí ilé alájà méjì, àjà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 38 ní gígùn, mítà 14 ní ìbú. Ọ̀gá àgbà fẹ́ kí a wó gbogbo ògiri ká lè máa bára wa sọ̀rọ̀. Ó ní kí àwọn tó ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ wà nísàlẹ̀, kí àwọn onísoftware wà lókè, kí àwọn tó ń lọ síta máa lo ilé kékeré ẹ̀yìnkùlé. Àwọn akáwó àti àwọn tó ń tajà, tí wọ́n tó 20, yóò gba ibi tó bá kù. Ìṣòro wa ni pé ọ̀rọ̀ kì í dé ibi tó yẹ lásìkò. Ẹ̀yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́ la máa ń gbọ́ pé ẹnì kan ti yí i padà. Kí lẹ gbà wá nímọ̀ràn?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìmúra ìkólọ. Ẹ má gbà kí àtẹ̀gùn wà láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù inú àpótí àti àwọn oníserver. Nínú gbogbo ètò tí ọ̀gá yín gbé kalẹ̀, ibẹ̀ ló máa pa yín lára jù, ó ju ọ̀rọ̀ ògiri lọ. Ẹ kó gbogbo ẹ̀yin 42 sórí àjà kan ṣoṣo, kí àwọn akáwó àti àwọn tó ń tajà gba èkejì. Ẹ má fi ẹ̀ka pín ìjókòó. Irú àpótí tí kálukú ń ṣe ni kẹ́ ẹ fi pín in. Ẹ wó díẹ̀ nínú ògiri, ẹ má wó gbogbo rẹ̀. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ síwájú ọ̀gá yín, ó sì dájú pé yóò bi yín léèrè.

Ẹni tó wọn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa ni Thomas Allen, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti àwọn ọdún 1960 ló ti ń lọ sí ibi tí àwọn ẹnjiníà àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń ṣiṣẹ́, ó sì kó àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ní 1977. Ọ̀nà tó gbà ṣe é kò le: ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò retí, yóò pín ìwé tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wà lára rẹ̀, kálukú yóò sì fi àmì sí orúkọ àwọn tó bá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ìwé náà pọ̀ tó, ó fi iye ìgbà tí èèyàn méjì ń sọ̀rọ̀ wé bí tábìlì wọn ṣe jìnnà síra, ìyẹn iye mítà tí ẹsẹ̀ máa rìn. Ó rí i pé bí ọ̀nà bá ṣe ń jìn sí i ni ọ̀rọ̀ ń yára dín kù, àgàgà láàárín mítà díẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó bá fi tó nǹkan bíi mítà 30, ó ti wálẹ̀ pátápátá, kò sì ní ibi tó tún máa wálẹ̀ dé mọ́. Ẹni tó wà ní mítà 60 sí yín àti ẹni tó wà nílùú mìíràn, ọgbọọgba ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́. Òótọ́ ni pé àwọn tó wà ní ẹ̀ka kan náà ń bára wọn sọ̀rọ̀ ju àwọn tí ẹ̀ka wọn yàtọ̀ lọ, àmọ́ bí ọ̀nà ṣe ń gé ọ̀rọ̀ tàwọn yẹn náà ló ń gé tiwọn.

Ẹnì kan máa sọ pé ayé ìgbà yẹn kò ní WhatsApp. Allen àti Gunter Henn, ayàwòrán-ilé ará Jámánì, padà sórí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé tí wọ́n jọ kọ ní 2007. Wọ́n rí i pé fóònù àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kò dí àlàfo náà. Àwọn tó ń rí ara wọn lójúkojú náà ló ń pe ara wọn jù. Ẹ yẹ fóònù tiyín wò. Ẹni tẹ́ ẹ jọ jẹun lọ́sàn-án, ẹ máa fi ìbéèrè kékeré ránṣẹ́ sí i láìronú. Ẹni tẹ́ ò rí láti oṣù mẹ́ta, ẹ máa kọ́kọ́ rò ó bóyá ìbéèrè náà tó ohun tí èèyàn fi ń yọ ẹlòmíì lẹ́nu. Àwọn ìbéèrè kéékèèké yẹn gan-an ló ń yọ ẹ̀rọ nínú ewu, irú bíi "Ṣé lóòótọ́ ni pé odo níbí túmọ̀ sí pé bátìrì ti tán pátápátá?"

Àtẹ̀gùn tún burú ju kí ọ̀nà jìn lọ. Ẹni tó ń rìn nílẹ̀ pẹrẹsẹ ń rí ẹni tó ń lọ bá látòkèèrè, ó mọ̀ bóyá ó wà níjòókòó, ó mọ̀ bóyá ó ń bínú sí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó fẹ́ gun àtẹ̀gùn kò rí nǹkan kan. Bó bá gùn ún lẹ́ẹ̀mejì tó bá àga òfìfo, kò ní gùn ún mọ́.

Ọ̀rọ̀ wíwó gbogbo ògiri wá ńkọ́? Ní 2018, Ethan Bernstein àti Stephen Turban láti yunifásítì Harvard gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n lọ sí orílé-iṣẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ńlá méjì tó fẹ́ wó ògiri kí wọ́n lè kó àwọn òṣìṣẹ́ sí gbọ̀ngàn gbayawu. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́rùn, èyí tó ń mọ ìgbà tí èèyàn méjì bá dojú kọra tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì wọn ọ̀rọ̀ wọn ṣáájú ìyípadà náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Dípò kí ọ̀rọ̀ ojúkojú pọ̀ sí i, ṣe ló já wálẹ̀ ní nǹkan bí 70 nínú 100, í-meèlì sì pọ̀ sí i.

Ìdí rẹ̀ ò fara sin. Bí gbogbo èèyàn bá ń wò yín tí wọ́n sì ń gbọ́ yín, ó máa ṣòro kẹ́ ẹ béèrè ohun tẹ́ ò mọ̀. Ẹni tó ń kọ kóòdù á ki earpiece bọ etí kó lè ráyè ronú, ẹlòmíì á sì rò pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Ariwo tó sì ń da iṣẹ́ ọpọlọ rú jù kì í ṣe ti jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn lọ láìdáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ ẹnu tó ń wọ etí ketekete ni, torí kò sí bí ọpọlọ ò ṣe ní tẹ̀ lé e. Bí àwọn tó ń gba ìpè oníbàárà bá jókòó ti àwọn tó ń kọ kóòdù, ẹ ti pa iṣẹ́ àwọn méjèèjì lára nìyẹn.

Ohun méjì ni ọ̀gá yín dà pọ̀ mọ́ra. Kí àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ wà nítòsí ara wọn, ó dára gan-an. Kí gbogbo ilé máa wò wọ́n, kó sì máa gbọ́ wọn, ìyẹn ló ń lé ọ̀rọ̀ lọ. Ilé tó dáa máa ń fúnni ní ti àkọ́kọ́, kò ní fi dandan mú ti èkejì wá.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìjókòó nìkan ò lè ṣe. Ní 1968, Melvin Conway, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan tó fi sọ pé ẹ̀rọ tí àwùjọ kan bá ṣe máa ń jọ ọ̀nà tí àwùjọ náà ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gé láàárín ẹ̀ka méjì, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ náà máa ti la. Ẹ wo inú àpótí yín. Ká ní bátìrì ilé ìwòsàn kan jẹ́ amp-hour 200 (iye iná tó gbà: amp tí wọ́n ń lò lọ́nà iye wákàtí). Àpótí yín ń fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí server: 50, ìyẹn ìdajì. Server ṣírò pé ó ku amp-hour 100, ilé ìwòsàn sì ń lo amp 20, ó wá kọ ọ́ sórí app pé ó ku wákàtí 5. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń kọ kóòdù inú àpótí rí i pé kò yẹ kí wọ́n máa fa bátìrì gbẹ tán. Ó fi ìdá márùn-ún rẹ̀ kan, amp-hour 40, pa mọ́, ó wá jẹ́ kí odo túmọ̀ sí ibi tí iná ti máa já. Nǹkan tó dáa ló ṣe. Ṣùgbọ́n 50 ti di ìdajì 160, ìyẹn 80. Wákàtí 4 ló kù. Server ṣì ń pè é ní 5. Kò sí ohun tó jọ àṣìṣe lójú app, nọ́ńbà náà mọ́gbọ́n dání, títí di alẹ́ ọjọ́ tí iná máa já ní wákàtí kan ṣáájú ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń retí.

Bí àwọn méjèèjì bá jókòó ní mítà 6 síra, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú: "Mo ti yí odo padà o." Bí àtẹ̀gùn bá wà láàárín wọn, yóò di ohun tí wọ́n máa sọ nípàdé ọjọ́ Ajé, tí wọ́n bá rántí. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, rán ọkọ̀ Mars Climate Orbiter lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ní oṣù December 1998. Software kan tí iléeṣẹ́ Lockheed Martin ṣe ń fi ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ ní pound-force second, àwọn atukọ̀ ní Jet Propulsion Laboratory, ilé ìwádìí NASA, sì ń kà á bíi newton-second, ìwọ̀n mìíràn tó yàtọ̀ sí i. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ ìlọ́po 4.45. Ní September 23, 1999, ọkọ̀ tó yẹ kó kọjá ní nǹkan bíi kìlómítà 226 lókè Mars kọjá ní nǹkan bíi 57, ó sì ṣègbé. Lára ohun tí ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀ tọ́ka sí ni pé ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹnjiníà ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀ kò ní ìlànà tó, àti pé àwọn atukọ̀ náà kò mọ bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣe tó bó ṣe yẹ.

Ẹ fiyè sí i: kì í ṣe pé wọn kì í sọ̀rọ̀. Ìsọ̀rọ̀ ń mú kí èèyàn rí àṣìṣe, àmọ́ ìwé ló ń jẹ́ kí àtúnṣe dúró. Nítorí náà, fún gbogbo nọ́ńbà tó ń ti inú àpótí lọ sí server, ẹ ní ojú ìwé kan. Orúkọ nọ́ńbà náà, ohun tí a fi wọ̀n ọ́n, ohun tí odo túmọ̀ sí, ìgbà tó máa ní àmì àròpọ̀ (+) àti ìgbà tó máa ní àmì àyọkúrò (-), ibi tó kéré mọ àti ibi tó pọ̀ mọ, ohun tí àpótí máa fi ránṣẹ́ bí ẹ̀yà tó ń wọ̀n ọ́n bá kú, àti orúkọ ẹni méjì tó ni ín, ọ̀kan látinú àpótí, ọ̀kan láti server. Kò sí ìyípadà tó gbọ́dọ̀ wọlé láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹni méjì péré. Bí ẹ bá sọ ọ́ di mẹ́fà, wọ́n á máa fọwọ́ sí i láìkà á.

Kí ló dé tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fi ẹ̀ka pín ìjókòó? Ẹ̀ka àti ẹgbẹ́ iṣẹ́ ń ṣe oore ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀ka ń jẹ́ kí ẹni tó ń ya board máa gbọ́ nǹkan tuntun nípa board. Ẹgbẹ́ iṣẹ́ ń jẹ́ kí board, kóòdù àti server bára mu. Allen ní ohun mẹ́ta ló yẹ ká wò ká tó mọ èyí tó yẹ ká fi ṣe ìpìlẹ̀: báwo ni ìmọ̀ iṣẹ́ náà ṣe ń yára yí padà, báwo ni apá kan iṣẹ́ ṣe so mọ́ èkejì tó, báwo sì ni iṣẹ́ náà ṣe máa pẹ́ tó. Ìmọ̀ tó ń yára yí padà àti iṣẹ́ tó máa pẹ́ ń fa èèyàn sí ẹ̀ka. Iṣẹ́ tí apá rẹ̀ so kọ́ra gan-an tí kò sì ní pẹ́ ń fà á sí ẹgbẹ́ iṣẹ́.

Àpótí yín so kọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ètò àṣẹ yín ti fi ẹ̀ka pín èèyàn, olórí ẹ̀ka ló ń darí, mo sì gbà pé òun náà ló ń sọ ẹni tó yẹ fún ìgbéga. Ẹ̀ka kò nílò ìrànlọ́wọ́ ìjókòó mọ́. Àwọn èèyàn rẹ̀ máa wá ara wọn kàn. Iṣẹ́ tó so kọ́ra ni kò ní olùgbèjà. Ibi tí ètò àṣẹ bá ti ya àwọn èèyàn sọ́tọ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fi ìjókòó so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀ka pín àṣẹ, tẹ́ ẹ tún fi ẹ̀ka pín àjà ilé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ mọ odi ẹlẹ́ẹ̀mejì yẹn.

Ewu kan wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá pẹ́ jù lójú kan náà á di etí dídi. Olùwádìí kan, Ralph Katz, ṣe ìwádìí ẹgbẹ́ iṣẹ́ 50 nínú ilé ìwádìí kan, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1982. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ti wà pa pọ̀ fún nǹkan bí ọdún 5, iṣẹ́ wọn ń rẹ̀yìn, wọn kì í sì í bá àwọn tó wà níta ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Torí náà, ẹ máa pààrọ̀ ẹnì kan tàbí méjì láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì lọ́dọọdún, kí àwọn 7 tó ń ya board sì ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n jọ máa yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Àwọn oníserver nílò rẹ̀ jù wọ́n lọ, torí ìmọ̀ tiwọn ló ń yára yí padà jù.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ilé, ẹ kọ́kọ́ ka bí àwọn èèyàn ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ ìwé kan tí orúkọ 42 wà lára rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ mú ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, kí kálukú sì fàmì sí àwọn tó bá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kó tó lọ sílé. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Ìbéèrè kejì lábẹ́ rẹ̀ ni: "Ta ló yẹ kó o bá sọ̀rọ̀ lónìí tí o kò bá sọ̀rọ̀?" Ìdáhùn ìbéèrè yìí ló máa wúlò fún yín jù. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tí kì í ṣe ọ̀gá wọn gba ìwé náà, ẹ sì ṣèlérí pé wọn ò ní fi ṣe ìgbéléwọ̀n ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ sì mú ìlérí náà ṣẹ. Bí wọ́n bá fura, gbogbo wọn ló máa fàmì sí orúkọ ọ̀gá.

Èèyàn 42 ní ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ 861 láàárín ara wọn, kò sì sí ilé tó lè gba gbogbo rẹ̀. Ẹ mú àwọn tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, tàbí tó yẹ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ fi wọ́n sáàárín mítà 10 síra. Àwọn tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n má kọjá mítà 30. Àwọn tó kù, ibikíbi ló bá gbà.

Àjà yín jẹ́ mítà 38, ìpẹ̀kun rẹ̀ kan sí èkejì ti kọjá 30. Nítorí náà, àárín ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ pín in sí mẹ́ta: mítà 14 fún ẹgbẹ́ àpótí kékeré, mítà 10 láàárín, mítà 14 fún ẹgbẹ́ àpótí ńlá. Kí àpótí kékeré gba 4 nínú àwọn tó ń ya board, 4 nínú àwọn tó ń kọ kóòdù inú àpótí, 4 nínú àwọn oníserver àti app. Kí àpótí ńlá gba 3, 4 àti 4. Àwọn oníserver 4 tó kù, tí iṣẹ́ wọn kan ẹgbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n wà láàárín pẹ̀lú àwọn 6 tó ń dán ẹ̀rọ wò. Àyè náà tó: bí ẹ bá fún èèyàn kọ̀ọ̀kan ní mítà 8 níbùú lóròó pẹ̀lú ọ̀nà ìrìn rẹ̀, 336 lẹ máa lò nínú 532 tí àjà náà jẹ́ (38 lọ́nà 14).

Àárín náà ni kẹ́ ẹ gbé bẹ́ńṣì ìdánwò sí. Òun ni ohun kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀ka gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, torí náà òun ló máa mú wọn pàdé láìsí ẹni tó pè wọ́n. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ní oṣù kejì, èéfín sọ́dà (irin yíyọ́ tí wọ́n fi ń lẹ ẹ̀yà mọ́ board) á máa da àwọn èèyàn láàmú, wọ́n á sì ti bẹ́ńṣì lọ sí kọ̀rọ̀, gbogbo ètò á bàjẹ́. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fa èéfín, kẹ́ ẹ sì fa páìpù rẹ̀ jáde síta kẹ́ ẹ tó kó wọlé. Bátìrì fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: bátìrì olómi máa ń tú gáàsì tó lè gbiná jáde nígbà tí wọ́n bá ń ṣáájì rẹ̀. Bátìrì ni ilé kékeré ẹ̀yìnkùlé yẹ, kí fèrèsé rẹ̀ máa ṣí, kẹ́ ẹ sì fa wáyà láti ibẹ̀ wá sórí bẹ́ńṣì.

Àwọn tó ń lọ síta gan-an ni kò yẹ fún ẹ̀yìnkùlé. Àwọn nìkan ló mọ ohun tí oòrùn, eèrà àti oníbàárà ń ṣe sí iṣẹ́ yín. Ẹ fún wọn ní tábìlì mẹ́rin láàárín, torí kì í ṣe gbogbo àwọn 9 ló ń wà nílé lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ sì kan pẹpẹ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì fún àpótí tó padà wá. Kí wọ́n má fọ̀ ọ́, kí wọ́n má tú u. Kí wọ́n so bébà mọ́ ọn: ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́, ìlú, ohun tí oníbàárà sọ láti ẹnu ara rẹ̀, ohun tí ẹni tó yọ ọ́ rí. Bí ẹni tó ya board bá ń kọjá lọ pọn omi, tó rí ìpẹtà aláwọ̀ ewé lára ibi tí wáyà ti wọlé, tí bébà sì sọ pé Badagry ni wọ́n ti mú un wá, kò nílò ìpàdé kankan kó tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Ìpè oníbàárà nìkan ni kí wọ́n máa lọ gbà nínú yàrá.

Ọ̀rọ̀ yàrá wá kàn. Ẹ kọ́ yàrá kéékèèké mẹ́rin, mítà 2 sí 2.5, fún èèyàn méjì tó fẹ́ jiyàn tàbí ẹnì kan tó fẹ́ ronú, àti yàrá kan tó gba èèyàn 6. Ẹ tò wọ́n sí ẹnu ààlà àárín àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n máa gbé ariwo bẹ́ńṣì dúró, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà 1.5 sílẹ̀, kí èèyàn méjì lè dúró sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíì sì kọjá. Ẹ sọ fún kafíńtà pé kí ògiri pákó náà dé kọnkéré òkè. Ibi tí POP bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dá a dúró sí, ohùn á wá gba orí POP kọjá sí yàrá kejì bí ẹni pé ògiri ò sí. Kí ilẹ̀kùn ní gíláàsì, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i pé èèyàn wà níbẹ̀. Pátákó ìkọ̀wé funfun, mítà 1.2 sí 2.4, ẹ gbé e sí ojú ọ̀nà, ẹ má tì í mọ́ inú yàrá ìpàdé. Omi mímu àti tábìlì oúnjẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan péré, ní àárín.

Ohun kan wà tí àwọn ìwé òyìnbó ò mẹ́nu kàn tó, tó sì wà nínú ọ́fíìsì wa. Ọmọdé ẹnjiníà kì í dédé lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka ẹlòmíì. Á kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá tiẹ̀, ọ̀gá tiẹ̀ á sọ fún ọ̀gá kejì, ìyẹn á sì wá sọ fún ọmọ tiẹ̀. Ìbéèrè ìṣẹ́jú méjì á gba ọjọ́ mẹ́ta, á sì ti yí padà lẹ́nu èèyàn mẹ́ta. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n pè é, ẹ má bú wọn. Ẹ kàn sọ ọ́ gbangba níwájú gbogbo olórí ẹ̀ka pé ìbéèrè lórí ẹ̀rọ ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìgbà tó bá kan owó tàbí ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí nìkan ló gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ẹnu àwọn olórí ẹ̀ka fúnra wọn ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì ń yẹ iṣẹ́ wò, kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí bí ọ̀gá bá ti sọ tiẹ̀ tán, kò sí ọmọdé tó máa sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí.

Nínú ìwé orúkọ tẹ́ ẹ bá gbà jọ, ẹ máa rí èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí orúkọ wọn wà lára ìwé gbogbo èèyàn. Allen rí irú wọn ní gbogbo ibi tó dé: wọ́n ń kàwé ju àwọn tó kù lọ, wọ́n ní ojúlùmọ̀ níta ilé-iṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì dáa gan-an. Àwọn ni ẹnu ọ̀nà tí ìmọ̀ tuntun ń gbà wọlé. Ẹ má fún wọn ní yàrá tó ní ilẹ̀kùn ní ìpẹ̀kun ilé láti fi yẹ́ wọn sí, ẹ má sì fi wọ́n ṣe ọ̀gá tí yóò máa fọwọ́ sí ìwé ìsinmi láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ fi owó àti orúkọ yẹ́ wọn sí, kẹ́ ẹ jẹ́ kí tábìlì wọn wà lójú ọ̀nà bẹ́ńṣì.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ tí àwọn èèyàn ń ṣiṣẹ́ látilé, mi ò ní ní kẹ́ ẹ fagi lé e, mo mọ ohun tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìkẹjà ń gbà lára èèyàn. Ìwádìí kan lórí òṣìṣẹ́ Microsoft 61,182 ní Amẹ́ríkà ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ọdún 2020 fi hàn pé nígbà tí gbogbo èèyàn ń ṣiṣẹ́ látilé, agbo kálukú dì mọ́ra, ọ̀rọ̀ láàárín agbo kan sí èkejì sì dín kù. Torí náà, kí ẹgbẹ́ àpótí kan máa wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ lè jẹ́ ti gbogbo èèyàn láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí ìyókù wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Bí kálukú bá ń mú ọjọ́ tó wù ú, ẹ máa san owó ilé fún àga òfìfo.

Ẹ má tíì fi búlọ́ọ̀kù mọ ohunkóhun. Ẹ fi tépù ya ibi tí gbogbo nǹkan máa wà sílẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí àwọn èèyàn rìn ín wò. Ẹ fi ihò iná sí ojú ibi púpọ̀, torí bí iná bá wà lára ògiri nìkan, ara ògiri ni gbogbo tábìlì máa sá lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tẹ́ ẹ bá ti kó wọlé, ẹ tún pín ìwé orúkọ 42 náà, kẹ́ ẹ sì wo àmì tó wà láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù inú àpótí àti àwọn oníserver nínú ẹgbẹ́ kan náà. Bí kò bá pọ̀ sí i ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí wọ́n sì wà ní mítà 6 síra, ẹ má tún tábìlì tò mọ́. Ẹ lọ wo ìwé ìgbéléwọ̀n ìparí ọdún wọn: bí olórí ẹ̀ka nìkan bá ló ń kọ ọ́, kẹ́ ẹ ní kí ẹnì kan láti ẹ̀ka kejì nínú ẹgbẹ́ àpótí wọn máa kọ ìdajì rẹ̀.